Igi Tí Wọ́n Ní Sàrátù Họ

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, inú ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà jókòó tì mí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn ìjàpá. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin Sàrátù ìyàwó mi, tí ẹ jẹun fídáù tán ní basement Dàmọ́lá ní Skyview Ranch, Múfútáù dìde, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan rántí olóògbé. Kí ló rántí? Kò rántí pé ó lé ní ogún ọdún tí Sàrátù fi fọ aṣọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Kò rántí pé òun gan-an sùn sórí àga wa fún oṣù mẹ́rin nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní, "Ìyá Ahọgi! Obìnrin tó họ igi ilé tíì òyìnbó títí igi fi funfun bí iṣu tí a bó!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́, ìwọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwọ rẹ́rìn-ín títí o fi nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Kì í ṣe Sàrátù ló họ igi náà. Èmi ni. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kí orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó sin èmi náà, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré.

Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ ohun tí mo bàjẹ́ bí ẹ kò bá mọ bí ilé tíì náà ti rí, ẹ kò sì lè mọ̀ ọ́n láti inú àwọn ilé kọfí tiyín. Dàmọ́lá, gbọ́ tìrẹ. O fi fóònù hàn mí lọ́jọ́sí, o ní, "Daddy, ẹ wo café tuntun yìí. Bó ṣe rí láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é. Vintage." Mo ní kí o gbé mi débẹ̀. A débẹ̀, mo fi èékánná họ ògiri wọn, bébà ni! Bébà tí wọ́n ya àwòrán pákó sí, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọbìnrin tó ń ta kọfí ní, "Sir, please don't peel that." O fà mí lọ́wọ́ jáde bí ẹni fa àgbò. Ọmọ rẹ kékeré ní, "Grandpa, you're embarrassing us." Ta ló dójú ti ta? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin wá lọ ra àkísà nísọ̀, ẹ ní ti àgbà ni.

Ẹ gbọ́. Nígbà tí a dé Calgary, èmi àti Sàrátù, epo ń ṣàn, owó ń ṣàn tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n Sàrátù, Alàájì Wàídì, tó jẹ́ ẹnjiníà nílé iṣẹ́ epo kan, ló mú wa wá. Káfíńtà ni mí láti Abẹ́òkúta. Lọ́sẹ̀ tí mo dé ni mo ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro. Kíréènì pọ̀ lójú ọ̀run bí lékeléke lẹ́yìn màlúù. Kò pẹ́, owó epo já wálẹ̀. Àwọn kíréènì dúró gbagidi sórí ilé tí wọn ò kọ́ parí, kò sẹ́ni tó yí wọn mọ́. Àwọn ènìyàn ń já kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ ní báńkì, wọ́n ń wa mọ́tò wọn lọ, wọn ò wẹ̀yìn. Ẹ̀yin rò pé ìgbà tí wọ́n dá Dàmọ́lá dúró fún oṣù mẹ́ta ni epo kọ́kọ́ já ní ìlú yìí. Ó ti já rí, ó sì já lé èmi lórí. Alàájì Wàídì kó lọ sí Houston. Ó ku èmi àti Sàrátù, yàrá kan ní Forest Lawn, àti ìwé ilé gbígbé tí kò tíì jáde.

Bí mo ṣe mọ ilé tíì náà nìyí. Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú snow, otútù ń gé mi létí, mo wọ ilé kan tó ṣí sílẹ̀ nítòsí. Mo jókòó. Mo fi ọwọ́ kan tábìlì. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ò lè fọwọ́ kan tábìlì kó má wo abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn obìnrin lókè orí mi: "Kí ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní, "Ìṣó ni mò ń wá, Ma."

"O rí i?"

"Mi ò rí ẹyọ kan."

Obìnrin òyìnbó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé irun sẹ́yìn orí. Miss Hattie nìyẹn. Ó ní bàbá òun ló kọ́ ibẹ̀ kí ogun Jámánì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé bàbá òun ní ìṣó kì í wọ ilé òun. Èèkàn igi ni wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, orí èèkàn náà yọ síta díẹ̀ kí ojú lè rí iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: mò ń fọ abọ́, mò ń kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mò ń tún àga tó bá mì ṣe.

Ẹ má fi yàrá yẹn wé ohunkóhun tí ẹ rí rí. Igi óákù ni ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká ènìyàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Lórí igi náà ni pẹpẹ tóóró kan wà yíká tí wọ́n to àwo amọ̀ sí, kò sí méjì tó jọra. Lókè pẹpẹ, wọ́n fi ọwọ́ kun òdòdó róòsì inú igbó ìlú yìí sára ògiri, wọ́n kùn ún yíká ilé. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n so mọ́ ògiri ga lẹ́yìn tó fi jẹ́ pé ẹni méjì tó bá jókòó síbẹ̀ dà bí ẹni tó ní yàrá tirẹ̀. Fìtílà bàbà ló ń rọ̀ láti òkè. Ojú òòlù alágbẹ̀dẹ ṣì hàn lára wọn, bàbà náà sì ti dúdú bí awọ ara èèyàn. Ibi ìdáná wà ní ìparí yàrá, táìsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó, táìsì tí kì í dán, tó dà bí ewé tí ìrì sẹ̀ sí.

Ibẹ̀ ní ìró tirẹ̀. Agogo kékeré lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyẹn ẹyọ kan. Kẹ́tùlù tó ń súfèé. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìró igi fúnra rẹ̀ láàárọ̀, tí ooru iná bá kọ́kọ́ kàn án, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí àgbàlagbà tó ń na eegun. Ilé tiyín kì í dún. Bí ẹnì kan bá rìn lókè ilé tiyín ni gbogbo yín ń bú u.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìda. Miss Hattie fúnra rẹ̀ á po ìda oyin mọ́ tọpintáìnì nínú agolo, á fún mi ní àkísà rírọ̀, á ní, "Rọra. Má fi agbára sí i." Mo máa ń rọra, ṣùgbọ́n nínú mi mò ń wí pé obìnrin yìí ń tọ́jú ìdọ̀tí. Mo rò pé èéfín ló pọ́n igi náà. Àádọ́rin ọdún èéfín ìdáná àti èéfín sìgá! Mi ò bi í léèrè. Káfíńtà bí èmi, kí n béèrè nípa igi lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta tíì? Ẹ rí ìgbéraga.

Ní oṣù keje, tí wọ́n bá ń ṣe Stampede, ọdún àwọn darandaran wọn, gbogbo ìlú á dé fìlà eléti-gbòòrò bí ẹni tó ní màlúù. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Earl gbé gàárì ẹṣin rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé e kọ́ sára fìtílà. Fìtílà já, gàárì bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Miss Hattie ò pariwo. Ó bu ọbẹ̀ sí abọ́, ó gbé e fún Earl, ó ní, "Ìwọ lo fi iyọ̀ sí i, ìwọ náà ni kí o jẹ ẹ́." Ó jẹ ẹ́ tán! Ọkùnrin mìíràn tún wà, Donny, tí iṣẹ́ epo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní àràárọ̀ á wọ kóòtù, á di táì, á gbé àpò ìwé, á wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀ títí di aago márùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ǹṣì yẹn ga tó láti fi bo ìtìjú ọkùnrin. Níbo ni Donny ìsinsìnyí á sá pa mọ́ sí nínú àwọn ilé kọfí yín tó jẹ́ kìkì gíláàsì, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń ka eyín inú ẹnu ẹni?

Sàrátù máa ń wá pàdé mi níbẹ̀ tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Òun àti Miss Hattie di ọ̀rẹ́ ju èmi àti Miss Hattie lọ. Ní ọjọ́ Iléyá, inú kíṣìnì ẹ̀yìn ni Sàrátù ti dín ẹran àgbò. Miss Hattie tọ́ ọ wò, ata gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ń sunkún, ó tún ń nawọ́ sí i: "Fún mi sí i, Sàrátù."

Ìgbà òjò yìnyín kejì ni onílé wá. Kì í ṣe Miss Hattie ló ni ilé náà mọ́, bàbá rẹ̀ ti tà á kó tó kú, ó kàn ń san owó ilé ni. Onílé ní òun fẹ́ fọ́ inú rẹ̀ dànù, òun fẹ́ fi díígí àti ike sí i, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa wá jó. Ó ku ọ̀nà kan. Ọ́fíìsì kan wà tó ń rí sí ilé àtijọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ilé náà ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, onílé ò ní lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Pauline á wá yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Miss Hattie ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ rìn.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe tí àlejò bá ń bọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń fi ilé dọ̀tí pàdé àlejò ńlá? Mo ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́sàn-án Sunday tí ilé tíì kì í ṣí, mo pe Sàrátù, mo gbé ẹ̀rọ ìfági tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ilé gogoro, a wọlé láti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí Miss Hattie dé ní àárọ̀ kó rí ilé rẹ̀ tó ń tàn.

Sàrátù ní, "Ṣé ká kọ́kọ́ bi í ná?"

Mo ní, "Ta ló ń gbàṣẹ kó tó ṣoore?"

"Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn o, ọkọ mi. Ẹ ò rí i pé kì í jẹ́ kí ẹ fi agbára nù ún?"

"Ẹni tí kò mọ igi, kó gbájú mọ́ omi."

Ó bu omi gbígbóná, ó lọ fi kànrìnkàn fọ táìsì ibi ìdáná. Èmi tan ẹ̀rọ. Háà! Bí igi náà ṣe ń funfun, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn. Mo họ ògiri, mo họ bẹ́ǹṣì, mo fá orí gbogbo èèkàn tó yọ síta kó lè dọ́gba. Mo sọ fìtílà bàbà kalẹ̀, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn bí ọmọdé ilé wa ṣe ń fọ àwo bàbà fún ọdún, títí mo fi ń rí imú mi nínú wọn. Mo fi sódà nu òdòdó ara ògiri. Òdòdó bá àkísà lọ. Níbẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Mo ní ọ̀dà burúkú ni wọ́n lò, mo nu èyí tó kù kó lè bára mu. Igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Èmi kò pá lórí, orí ẹlòmíràn ni mo fá.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé a tò sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ọmọ iléèwé tó ń retí ẹ̀bùn. Miss Hattie àti Pauline jọ wọlé. Agogo dún. Miss Hattie fi ọwọ́ wá àga, kò rí i, mo sáré gbé e sábẹ́ rẹ̀.

Pauline fi ìka kan ògiri. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní kì í ṣe èéfín ló pọ́n igi náà. Bàbá Miss Hattie àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kó pákó kọ̀ọ̀kan sínú àgọ́, tí wọ́n gbé abọ́ ammonia sí i, omi tó ń rùn bí ìtọ̀ ẹṣin tó ti pẹ́, tí wọ́n dé e pa títí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi wọ inú igi. Ohun tí mo họ kúrò ni iṣẹ́ náà. Bàbà dúdú náà, ọwọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ di dúdú. Ó wo ilé yíká, ó ní, "Táìsì nìkan ló kù." Ibi tí Sàrátù fọwọ́ kàn nìkan ni kò bàjẹ́.

Ó wá béèrè, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo la ẹnu. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kan, mo gbọ́ tí Sàrátù ní, "Èmi ni, Ma. Mo ń tún ilé ṣe ni. Mi ò mọ̀."

Miss Hattie gbé ojú sókè, ó wo Sàrátù, ó wá wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Sàrátù mú.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé ni mo tó lè sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Obìnrin tí kò mọ igi, wọ́n á ní kò mọ̀ ni. Káfíńtà tó ba igi jẹ́, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un nínú ọ̀dá yìí? Tó bá yá, tí ẹ bá ti ríṣẹ́, ẹ ó sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni."

Onílé fọ́ inú ilé náà kí snow tó yọ́ tán. Díígí àti ike náà kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn wọn, epo ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rówó jó. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló wà níbẹ̀ báyìí. Miss Hattie lọ gbé ní ilé àwọn arúgbó. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni Sàrátù ń gbé ọbẹ̀ aláìlata lọ fún un, títí ó fi kú. Èmi ń tẹ̀lé e lọ. Mo máa ń sọ nípa ojú ọjọ́.

Èmi ríṣẹ́ o. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni mo ríṣẹ́, ìwé wa sì jáde. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di pé àwa Yorùbá ìlú yìí, tí a kò tó ogún ilé nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ahọgi. Ibi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á pè é. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọdún, Múfútáù á dìde: "Ẹ gbé tábìlì pa mọ́ o, Ìyá Ahọgi ti dé!" Ẹ̀yin tí ẹ dé pẹ̀lú PR, ìwé ilé gbígbé, lọ́wọ́ bá orúkọ náà nílẹ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lánàá, mo pe Múfútáù lórí fóònù nílé rẹ̀ ní Cityscape. Mo ní, "Múfú, jókòó. Kì í ṣe Sàrátù ló họ igi yẹn. Èmi ni. O ò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ̀?"

"Kí lo wí?"

"Gbogbo wa mọ̀. Sàrátù wo ló lè gbé ẹ̀rọ ìfági? Ẹ̀rọ yẹn wúwo jù ú lọ."

Inú bí mi, mo kígbe mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí!"

"Òun ló ní ká máa pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ní, 'Ẹ máa pè mí ní Ahọgi lójú ọkọ mi. Mo mọ̀ ọ́n, inú máa ń tètè bí i. Lọ́jọ́ kan inú á bí i, á ní ó tó, á ní kì í ṣe èmi.' Àwa ń pè é, à ń wo ojú yín. Ní ọjọ́ fídáù, mo ní kí n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Òótọ́ ni Sàrátù sọ, inú máa ń tètè bí mi. Inú ti bí mi sí snow, sí bọ́ọ̀sì tó pẹ́ dé, sí ọmọ tí mo sọ Yorùbá sí tó fi èèbó dá mi lóhùn, sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe ìyàwó mi ní Ahọgi, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Sàrátù á dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, á wò mí. Nígbà tí mo bá rẹ́rìn-ín tán, á gbé àwo náà lọ sí kíṣìnì.